Láti Ẹnu Aláìsàn dé Orí Kóòdù: Èdè Yorùbá nínú Àkọsílẹ̀ Àwọn Àrùn Ọkàn tí Kò Wọ́pọ̀

Àṣamọ̀

Àwọn òṣìṣẹ́ àkọsílẹ̀ ní ilé-ìwòsàn a máa sọ orúkọ àrùn di kóòdù tí a fi lẹ́tà àti nọ́ńbà kọ. Kóòdù kan kò lè péye ju ọ̀rọ̀ tí ó bá nínú fáìlì lọ. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Nàìjíríà, ẹnu ẹni tí ó ń sọ èdè abínibí ni ọ̀rọ̀ náà ti kọ́kọ́ jáde kí ó tó di Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ yìí tọ ipasẹ̀ ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ẹnu aláìsàn títí dé orí kóòdù, ó sì fi àwọn àrùn tí kòkòrò ń dá sílẹ̀ nínú ọkàn ṣe àpẹẹrẹ. Ó fi hàn pé ibi ìtumọ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń sọnù jù, àti pé ọwọ́ olùkọ́ èdè ni irinṣẹ́ tí a lè fi wá a rí wà.

Ìfáàrà

Ẹni tí kòkòrò bá wọ ọkàn rẹ̀ kì í mọ̀ pé ọkàn ni ó wọ̀. Ohun tí ó mọ̀ ni pé ara òun ń gbóná, pé oúnjẹ kò wu òun jẹ, pé òun ń rù, pé bí òun bá rìn díẹ̀ òun kì í lè mí kanlẹ̀. Ó di ọ̀dọ̀ dókítà kí ohun tí ń ṣe é tó gba orúkọ. Endocarditis ni àwọn oníṣègùn ń pe èyí tí ó bá mú awọ inú ọkàn àti àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké mẹ́rin tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá níbẹ̀. Myocarditis ni èyí tí ó bá mú ẹran ọkàn fúnra rẹ̀; pericarditis ni èyí tí ó bá mú àpò tí ọkàn wà nínú rẹ̀. Àwọn àrùn wọ̀nyí kò wọ́pọ̀ bí ibà ẹ̀fọn tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣùgbọ́n bí kòkòrò bá mú ilẹ̀kùn ọkàn tí a kò sì tọ́jú rẹ̀, ikú ni ó sábà máa ń yọrí sí. Ìtọ́jú rẹ̀ náà kì í ṣe ti ọjọ́ mẹ́ta: ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ni aláìsàn sábà máa ń fi gba oògùn láti ojú iṣan.

Ní ọdún 1885, William Osler dá àwùjọ àwọn oníṣègùn lẹ́kọ̀ọ́ ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù lórí àrùn ilẹ̀kùn ọkàn yìí. Ó tẹnu mọ́ bí ó ti ṣòro tó láti dá a mọ̀, nítorí pé a máa gbé ìrísí àwọn ibà mìíràn wọ̀. Láti ìgbà náà wá, ẹ̀rọ ti pọ̀ sí i, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ti dára sí i, síbẹ̀ ohun àkọ́kọ́ tí ń mú kí dókítà fura pé ọkàn ni kí òun yẹ̀ wò ṣì ni ọ̀rọ̀ tí aláìsàn bá sọ. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ṣì lójú ọ̀nà, ẹ̀rọ tí ó yẹ kí a gbé aláìsàn lọ sí ìdí rẹ̀ kò ní í gbọ́ ìró ọkàn rẹ̀ rárá.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan olùkọ́ èdè. Ìwé èdè-ìperí Yorùbá tí ó wà lọ́wọ́ àwọn olùkọ́, irú èyí tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olótùú apá kejì rẹ̀ ní ọdún 1990, pèsè ọ̀rọ̀ fún ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Ó wúlò gan-an fún ohun tí a torí rẹ̀ ṣe é. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tí ó lè pe fónẹ́ẹ̀mù àti mọ́fíìmù ní orúkọ Yorùbá wọn lè má mọ bí òun yóò ṣe túmọ̀ ohun tí ìyá òun sọ fún nọ́ọ̀sì. Lọ́jọ́ kan, òun náà ni wọn yóò sì pè sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn kí ó wá ṣe ògbufọ̀.

Ohun tí kóòdù jẹ́

Ìṣòro orúkọ àrùn ti pẹ́. Ní ọdún 1839, William Farr, ẹni tí ń ṣe ìṣirò ikú fún ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ẹjọ́ sùn pé orúkọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni àrùn kan ń jẹ́, pé orúkọ kan náà sì ń jẹ́ ti onírúurú àrùn. Lójú rẹ̀, bí òṣùwọ̀n ti jẹ́ fún onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni orúkọ jẹ́ fún ẹni tí ń ka iye àwọn tí àrùn pa. Ní ọdún 1893, ní ìlú Chicago, Jacques Bertillon tí ó wá láti Paris gbé àtòpọ̀ orúkọ ohun tí ń pa ènìyàn kalẹ̀ fún àwọn onímọ̀ ìṣirò àgbáyé. Láti ara rẹ̀ ni ìwé tí gbogbo ayé mọ̀ sí ICD ti jáde. Àjọ Ìlera Àgbáyé gba ìtọ́jú rẹ̀ ní ọdún 1948 nígbà tí ó di ẹ̀dà kẹfà. Ẹ̀dà kẹwàá gba ìfọwọ́sí ní ọdún 1990, àwọn orílẹ̀-èdè sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó láti ọdún 1994. Ẹ̀dà kọkànlá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2022. Ẹ̀dà kẹwàá ni a ti mú àwọn kóòdù inú iṣẹ́ yìí, nítorí pé òun ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ àkọsílẹ̀ fi kọ́ṣẹ́. Ní Nàìjíríà, iṣẹ́ wọn ní òfin tirẹ̀ láti ọdún 1989, èyí tí ó dá ìgbìmọ̀ tí ń forúkọ wọn sílẹ̀.

Olùkọ́ èdè tí ó bá ṣí ìwé yìí yóò rí i pé ó ní gírámà. Lẹ́tà I ni ó ṣáájú àwọn àrùn ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀. A àti B ni ó ṣáájú ọ̀pọ̀ àrùn tí kòkòrò ń fà. Ìbéèrè tí ó wá dìde ni pé, níbo ni a ó kọ àrùn tí ó jẹ́ ti ọkàn tí ó sì tún jẹ́ ti kòkòrò sí? Ọ̀nà mẹ́ta ni ìwé náà gbà dáhùn, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jọ ọ̀nà tí èdè Yorùbá ń gbà ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀. Nígbà mìíràn, kóòdù kan ṣoṣo ni yóò ru ẹrù méjèèjì. Nígbà mìíràn, kóòdù méjì ni yóò so pọ̀ bí ọ̀rọ̀ alákànpọ̀: ọ̀kan yóò ru àmì idà kékeré (†), èyí tí ó sọ orísun àrùn, èkejì yóò ru àmì ìràwọ̀ (*), èyí tí ó sọ ibi tí àrùn náà ti farahàn. Èyí tí ó ru ìràwọ̀ kò lè dá dúró láé. Gẹ́gẹ́ bí àfòmọ́ inú gírámà, ó gbọ́dọ̀ rí ara ohun tí yóò fara mọ́. Ọ̀nà kẹta jọ lílo ọ̀rọ̀ àpèjúwe: I33.0 ni ti kòkòrò tí ó mú ilẹ̀kùn ọkàn, bóyá ó dé wìì tàbí ó ń rìn díẹ̀díẹ̀, a ó sì fi kóòdù mìíràn láti B95 sí B98 kún un láti sọ kòkòrò tí ó jẹ́.

Bí ẹni tí ó kọ fáìlì kò bá sọ kòkòrò tí ó jẹ́, tí kò sì sọ ilẹ̀kùn tí ó mú, I38 ni òṣìṣẹ́ àkọsílẹ̀ yóò kọ. Bí ó bá kọ ‘àrùn ọkàn’ lásán, I51.9 ni. Kóòdù méjèèjì wọ̀nyí dà bí àpò tí a ń kó gbogbo ohun tí a kò dá mọ̀ sí. Àrùn tí kò wọ́pọ̀ tí ó bá ti wọ inú àpò bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tí yóò kà á mọ́. Ohun tí a kò sì kà, ìjọba kì í ra oògùn rẹ̀ pamọ́.

Àyà kì í ṣe ọkàn

Nínú èdè Yorùbá, àyà ni iwájú ara láti abẹ́ ọrùn dé òkè ikùn. Ọkàn ni ẹ̀yà ara tí ń ti ẹ̀jẹ̀ kiri. Ìyàtọ̀ yìí yé gbogbo ẹni tí ó ń pa adìẹ. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti kan ohun tí ènìyàn ń mọ̀ lára, ààlà náà a máa yẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rù bà ní àyà òun já. Ẹni tí ó gbójú ní àyà. Ẹni tí ìbànújẹ́ bá, ọkàn rẹ̀ pòrúurù. Ẹni tí ó gbọ́ ìròyìn ayọ̀, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Gbólóhùn tí ó sì ń sọ nípa ẹ̀rù yìí náà ni aláìsàn yóò lò bí ọkàn rẹ̀ bá ń sáré tàbí tí ó ń fo ìlù: ‘Àyà mi ń já.’ Kò sí ẹ̀rù kankan níbẹ̀.

Àwọn èdè mìíràn ní orílẹ̀-èdè yìí pín in lọ́nà tiwọn. Ƙirji ni Hausa ń pe àyà, zuciya ni ó ń pe ọkàn, ṣùgbọ́n zuciya yìí kan náà ni a fi ń sọ̀rọ̀ nípa ìbínú àti ìtara. Obi ni Igbo ń pe àyà, obi náà sì ni ó ń pe ọkàn. Bí ó bá fẹ́ tọ́ka sí ẹ̀yà ara gan-an, ó lè pè é ní mkpụrụ obi, èyí tí ó tún lè túmọ̀ sí ẹ̀mí ènìyàn. Ògbufọ̀ tí ó bá ń ti èdè kọ̀ọ̀kan wọ̀nyí bọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì yóò ṣe àṣìṣe tí ó yàtọ̀ sí ti ẹnì kejì rẹ̀. Yorùbá yóò sọ ìlù ọkàn di ẹ̀rù. Ó sì ṣeé ṣe kí ti Igbo sọ ọkàn di àyà. Olùkọ́ tí ó wà ní Kano tàbí Ẹnúgu kò nílò láti dúró de ẹni tí yóò wá tú èyí sí èdè tirẹ̀. Ó lè gbé ọ̀rọ̀ mẹ́wàá tí ó jẹ mọ́ àyà àti ọkàn kalẹ̀ ní èdè ibẹ̀, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yà wọ́n sọ́tọ̀: èyí tí ó jẹ́ ti ara, èyí tí ó jẹ́ ti inú, àti èyí tí ó ń ṣe méjèèjì. Ìsọ̀rí kẹta yìí ni ewu wà.

Ibà tí ó lọ tí ó tún padà

Àpẹẹrẹ tí ó wà nísàlẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnì kan pàtó. Fún ìlò kíláàsì ni a ṣe hun ún. Nọ́ọ̀sì bi ìyá àgbàlagbà kan pé, ‘Màmá, kí ni ó ń ṣe yín?’ Ìyá náà dáhùn:

‘Ọmọ mi, ara mi kàn ń gbóná ni. Ó ti lé ní oṣù kan. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú ni yóò bẹ̀rẹ̀, òógùn á sì bò mí lóru. Mo ti lo oògùn, ó lọ, ó tún padà. Bí mo bá gbé omi láti ẹ̀yìnkùlé dé ìdí ààrò báyìí, àyà mi á máa já, mi ò sì ní lè mí kanlẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ eyín fún mi ni ara mi kò ti dá ṣáká mọ́.’

Ẹni tí ó túmọ̀ rẹ̀ kọ ọ́ sínú fáìlì ní Gẹ̀ẹ́sì pé ìyá náà ní ibà, pé àyà ń dùn ún, pé ẹ̀rù sì ń bà á. Gbólóhùn náà já gaara, gírámà rẹ̀ kò lábùkù. Kóòdù tí ó bá a mu ni R50.9 fún ibà tí a kò mọ ìdí rẹ̀ àti R07.4 fún àyà dídùn. Ó sì lè jẹ́ B54, ibà ẹ̀fọn tí a kò ṣe àlàyé rẹ̀, ni yóò gbà lọ sílé pẹ̀lú oògùn ibà mìíràn. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá náà kò sọ níbì kankan pé àyà ń dun òun.

Ohun tí ó sọnù pọ̀ ju ohun tí ó yí padà lọ. ‘Ó ti lé ní oṣù kan’ kò sí níbẹ̀ mọ́. ‘Ó lọ, ó tún padà’ kò sí níbẹ̀. Òógùn òru kò sí níbẹ̀. Pé ìgbà tí ó bá gbé omi nìkan ni àyà ń já a, tí kì í ṣe ìgbà tí ó jókòó, kò sí níbẹ̀. Èyí gan-an ni ó sì yẹ kí ó jẹ́ kí dókítà gbé ìgbọ́rọ̀ rẹ̀ lé e láyà. Eyín yíyọ kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni a mọ̀ pé àwọn kòkòrò tí ń gbé ẹnu lè gba ojú ọgbẹ́ eyín wọ inú ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n sì lọ lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ọkàn tí ó bá ti ní àbùkù tẹ́lẹ̀. Bí a bá rò pé gbogbo ọ̀rọ̀ ìyá náà dé etí dókítà, tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n fi ẹ̀rọ tí ń fi ìró ya àwòrán wo ọkàn rẹ̀, tí wọ́n sì bá irú kòkòrò ẹnu bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, kóòdù rẹ̀ yóò di I33.0 pẹ̀lú B95.4. Láti ẹnu kan náà ni kóòdù méjèèjì ti wá.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù nínú ẹjọ́ ìyá yìí tí ó yẹ kí a dúró lé lórí: oògùn. Yorùbá ń pe àgbo ní oògùn, ó ń pe abẹ́rẹ́ ní oògùn, ó ń pe kápúsù tí a rà ní kẹ́míìsì ní oògùn. Fún àrùn tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ìyàtọ̀ wọn kì í ṣe kékeré. Bí aláìsàn bá ti lo oògùn apakòkòrò kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kòkòrò lè kọ̀ láti hù nínú àyẹ̀wò bí ó tilẹ̀ wà nínú ọkàn. Dókítà yóò kọ pé àyẹ̀wò kò rí nǹkan, kóòdù kòkòrò yóò sì ṣófo. Ìbéèrè Yorùbá tí ó péye kì í ṣe ‘Ṣé ẹ ti lo oògùn?’ bí kò ṣe ‘Irú oògùn wo ni, ta ni ó fún yín, ọjọ́ mélòó ni ẹ lò ó, nígbà wo ni ẹ lò ó gbẹ̀yìn?’

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa sọ pé èdè Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ tó láti fi ya ibà sọ́tọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Yorùbá mọ ibà lásán, ó mọ akọ ibà, ó mọ ibà pọ́njú, ó mọ èyí tí ó ń mú òtútù wá àti èyí tí ó ń wá lọ́wọ́ alẹ́. Gẹ̀ẹ́sì tí ẹni tí ó túmọ̀ rẹ̀ gbọ́ ni ó kéré, òun ni ó sọ gbogbo wọn di ọ̀kan.

Orúkọ tí ń ṣini lọ́nà

Àwọn orúkọ kan wà tí ó jẹ́ pé àmì àrùn ni wọ́n fi sọ wọ́n. Ikọ́ ẹ̀gbẹ jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ikọ́ ni orúkọ náà dúró lé, ó sì bá a mu bí kòkòrò náà bá wà nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ṣùgbọ́n kòkòrò yìí kan náà lè wọ àpò ọkàn, kí omi máa gbára jọ síbẹ̀ títí ọkàn kò fi ní rí àyè lù mọ́. Ní ilẹ̀ Áfíríkà, òun wà lára àwọn ohun pàtàkì tí ń fa àrùn àpò ọkàn. Kóòdù rẹ̀ ni A18.8† àti I32.0*. Aláìsàn bẹ́ẹ̀ lè má húkọ́ rárá. Bí a bá bi í pé ‘Ṣé ẹ ní ikọ́ ẹ̀gbẹ?’, yóò ní rárá, òtítọ́ ni ó sì sọ gẹ́gẹ́ bí èdè rẹ̀ ti pín ayé fún un. Bí olùkọ́ bá kọ ‘ikọ́ ẹ̀gbẹ inú àpò ọkàn’ sójú pátákó, kíláàsì yóò rẹ́rìn-ín, nítorí pé ta ni ó gbọ́ ọ rí pé àpò ọkàn ń húkọ́? Ẹ̀rín náà dára. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kí olùkọ́ béèrè ohun tí a lè pè é, títí ẹnì kan yóò fi dé orí ‘kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ nínú àpò ọkàn’, níbi tí orúkọ ti kúrò lórí àmì àrùn tí ó sì bọ́ sórí ohun tí ó fa àrùn. Ohun tí idà àti ìràwọ̀ ń ṣe nínú ìwé kóòdù náà nìyí.

Àtọ̀sí le ju èyí lọ. Àrùn tí ìbálòpọ̀ ń fà ni orúkọ yìí kọ́kọ́ ń mú wá sọ́kàn, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ń lò ó fún oríṣiríṣi ìnira nínú títọ̀. Àtọ̀sí ajá sì tún wà, èyí tí ó jẹ́ ti ẹni tí ń tọ ẹ̀jẹ̀ nítorí kòkòrò inú odò, B65.0. Kòkòrò àtọ̀sí ti àkọ́kọ́, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tí ó ṣọ̀wọ́n gan-an, lè bá ẹ̀jẹ̀ lọ sí ilẹ̀kùn ọkàn kí ó sì bà á jẹ́ kíákíá, A54.8† àti I39.8* ni kóòdù rẹ̀. Ìyàtọ̀ láàárín B65.0 àti A54.8 nínú fáìlì lè rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ajá, tí ògbufọ̀ gbọ́ tàbí tí kò gbọ́. Ìtìjú náà ń bẹ níbẹ̀: aláìsàn kì í fẹ́ dárúkọ rẹ̀ níwájú ọmọ rẹ̀, ọmọ náà sì ni wọ́n mú wá láti túmọ̀.

Ní ìdàkejì, àwọn orúkọ kan kò sọ nǹkan kan nípa àrùn, wọn kò sì ṣini lọ́nà. Ní àwọn ọdún 1930, ní Queensland ní ilẹ̀ Ọsirélíà, Edward Derrick rí ibà kan lára àwọn tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìpẹran, kò sì mọ ohun tí ń fà á. Ó fi lẹ́tà Q sọ ọ́, èyí tí ó dúró fún ìbéèrè. Wọ́n ti mọ kòkòrò náà tipẹ́, ìbéèrè ti gba ìdáhùn, orúkọ kò yí padà. A78 ni kóòdù rẹ̀. Ara ewúrẹ́, àgùntàn àti màlúù ni ènìyàn ti ń kó o, pàápàá ní àsìkò tí wọ́n bá ń bímọ, ó sì lè fara pamọ́ sínú ilẹ̀kùn ọkàn fún ìgbà pípẹ́. Nítorí pé kì í hù nínú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí a sábà ń ṣe, iṣẹ́ tí aláìsàn ń ṣe àti ẹran tí ó ń sìn lè jẹ́ ohun kan ṣoṣo tí yóò tọ́ka sí i. Bákan náà ni àrùn tí ń jẹ́ orúkọ Carlos Chagas, ẹni tí ó ṣe àpèjúwe rẹ̀ ní Brazil ní ọdún 1909. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni kòkòrò rẹ̀ ń gbé, B57.2 ni kóòdù rẹ̀ bí ó bá ti pẹ́ lára tí ó sì ti mú ọkàn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa fẹ́ wá orúkọ Yorùbá fún irú ìwọ̀nyí. Kò pọn dandan. Ibà Q àti àrùn Chagas tó, bí a bá ti lè fi Yorùbá ṣe àlàyé wọn fún ìyá olówò ewúrẹ́ kan kí ó sì yé e.

Ó dájú, ó ṣeé ṣe, ó jọ

Láti ọdún 1994 ni àwọn dókítà ti ń lo òṣùwọ̀n kan tí a fi orúkọ Yunifásítì Duke pè láti fi wọn àrùn ilẹ̀kùn ọkàn. Wọ́n tún un ṣe ní ọdún 2000 àti 2023. Ìdájọ́ mẹ́ta ni ó ń ṣe: ó dájú, ó ṣeé ṣe, a kọ̀ ọ́. Ìwé ICD ẹ̀dà kẹwàá náà ní ìlànà tirẹ̀: bí fáìlì bá sọ ní ìparí pé a fura sí àrùn kan, tí kò sì sí àlàyé mìíràn, kí a kọ kóòdù àrùn náà bí ẹni pé ó ti dájú. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ kékeré tí ó ń sọ ìwọ̀n ìdánilójú kì í ṣe ọ̀ṣọ́.

Ní ti Yorùbá, ọ̀wọ̀ ni ó ń da ọ̀rọ̀ yìí rú. Àgbàlagbà tí ó ní ‘Ara mi kò fi bẹ́ẹ̀ yá’ lè máa sọ pé òun kò sùn láti ọjọ́ mẹ́ta. Ẹni tí wọ́n bi pé ‘Ṣé ara ti le, bàbá?’ tí ó dáhùn pé ‘A dúpẹ́’ kò tíì sọ pé ara òun le. Ọpẹ́ ni ó dá. Síbẹ̀ a lè rí i nínú fáìlì pé ara aláìsàn ti ń yá. Mọ̀lẹ́bí tí ó ní ‘Ó jọ bí ẹni pé ọkàn ni’ lè ti gbọ́ ọ lẹ́nu dókítà pé ọkàn ni. Ó kàn ń fi ẹnu rọ̀ ọ́ ni. Olùkọ́ tí ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ nípa ọ̀rọ̀ àti àyíká ìlò rẹ̀ kò ní rí àpẹẹrẹ tí ó ju èyí lọ. Bí ikú bá sì dé, ‘ọkàn rẹ̀ dáwọ́ iṣẹ́ dúró’ kì í ṣe ìdí ikú, nítorí pé kò sí òkú tí ọkàn rẹ̀ ń lù.

Àmì ohùn

Àwọn olùkọ́ ti rẹ̀ láti máa sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé kí wọ́n fi àmì ohùn sí iṣẹ́ wọn, akẹ́kọ̀ọ́ náà sì ti rẹ̀ láti máa gbọ́. Bóyá fáìlì aláìsàn yóò jẹ́ kí ó yé wọn. Bí a bá tẹ ‘oogun bo mi loru’ sórí kọ̀ǹpútà láìsí àmì, ẹni tí kò sí níbẹ̀ kò ní mọ̀ bóyá òógùn ni tàbí oògùn. Aya lè jẹ́ ìyàwó ilé, ó sì lè jẹ́ àyà. Okan lè jẹ́ ọkàn tàbí ọ̀kan. Iba lè jẹ́ ibà tí ń ṣe ọmọ tàbí ìbà tí a ń jú fún àgbà.

Lílo ẹ̀kọ́ yìí ní kíláàsì

Ẹ̀kọ́ náà yẹ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì àgbà àti àwọn tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Olùkọ́ kò gbọ́dọ̀ lo fáìlì ẹnikẹ́ni tí ó wà láàyè tàbí tí ó ti kú. Ọ̀rọ̀ tí a hun bí ti ìyá òkè yìí tó. Kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí kíláàsì di ibi tí a ti ń dá àrùn mọ̀: iṣẹ́ dókítà nìyẹn. Ohun tí ó kan kíláàsì ni kí ọ̀rọ̀ dé ibi tí ó ń lọ láìdín.

Kí olùkọ́ ka ọ̀rọ̀ ìyá náà sókè lẹ́ẹ̀kan péré, bí yóò ti rí ní ilé-ìwòsàn, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì kọ ohun tí wọ́n gbọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn náà ni kí ó pín ọ̀rọ̀ náà fún wọn ní àkọsílẹ̀, kí wọ́n fa ìlà sí abẹ́ gbogbo ohun tí ó sọ ìgbà, ohun tí ó sọ ìdí, àti ohun tí ó sọ ibi tí ó wà lára, kí wọ́n wá ka iye tí ó dé inú Gẹ̀ẹ́sì wọn. Ọ̀pọ̀ yóò rí i pé àwọn ti gbé orúkọ àìsàn dé, wọ́n sì fi ‘láti ìgbà’, ‘bí mo bá’ àti ‘ó tún’ sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Ibẹ̀ ni kí olùkọ́ ti mú ẹ̀kọ́ gírámà wọlé, kí ó fi hàn wọ́n pé awẹ́ gbólóhùn tí wọ́n kà sí àfikún lásán ni dókítà ń dúró dè.

Ní ti máàkì, kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kọ Gẹ̀ẹ́sì dídán tí ó sì túmọ̀ ‘àyà mi á máa já’ sí ìbẹ̀rù má ṣe gba nǹkan kan lórí gbólóhùn náà. Kí ẹni tí kò rí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó bá a mu, ṣùgbọ́n tí ó kọ ọ̀rọ̀ ìyá náà sílẹ̀ ní Yorùbá pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀, tí ó sì ṣe àlàyé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé ìgbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́ ni ọkàn rẹ̀ ń sáré, gba gbogbo máàkì tí ó wà níbẹ̀.